Ẹ̀bẹ̀ Tí Ọkọ Mi Bá Mi Gbà

Nígbà tí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta yẹn dojú dé, bàtà mi ni mo kọ́kọ́ wá. Bàtà tuntun ni, kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tí mo rà á, ti ọ̀tún kò sì sí lẹ́sẹ̀ mi mọ́. Mo bojú wolẹ̀ láti wá a, mo wá rí i pé ẹsẹ̀ mi kọjú síbi tí ẹsẹ̀ kì í kọjú sí. Ìgbà yẹn ni mo tó figbe ta.

Makera ni mo ti wọ kẹ̀kẹ́ náà láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mò ń lọ sí Ungwan Boro níbi tí mo ti ń ṣe tíṣà iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìjọba ti fòfin de àṣàbà, ìyẹn ọ̀kadà tí gbogbo wa ń gùn tẹ́lẹ̀, kẹ̀kẹ́ ló kù fún wa. Ọkùnrin Hausa kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń hewú ló ń wà á, kò sì sáré. Mo sọ ọ́ fún àwọn ọlọ́pàá, mo tún ń sọ ọ́ níhìn-ín. Jíìpù kan ló já jáde láti ilé epo, tó gbá wa lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ẹni tó wa jíìpù náà sọ̀ kalẹ̀. Bó ṣe gbọ́ tí mò ń ké ní Yorùbá, ó kúnlẹ̀ sójú títì, ó ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kú." Mo gbójú sókè, mo sì mọ̀ ọ́n. Ọmọ alága ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ni, géńdé ọkùnrin tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, tí mo ti jẹ ìrẹsì ìsọmọlórúkọ ọmọ rẹ̀. Mo sọ fún un pé mi ò ní kú, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ bá mi gbé kẹ̀kẹ́ kúrò lórí ẹsẹ̀.

Àwọn ọlọ́pàá mú òun àti jíìpù lọ sí àgọ́ wọn. Ọlọ́kẹ̀kẹ́ ló gbé mi dé ilé ìwòsàn, pẹ̀lú apá tó ti bó. Ẹni tó jókòó ti káàdì níbẹ̀ kò wo ojú mi, ìwé ló ń wò. Káàdì ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà, owó àsansílẹ̀ ló tẹ̀ lé e, ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n máa tó wá wo ẹsẹ̀ tó kán. Ọlọ́kẹ̀kẹ́ yẹn yọ owó tó ti pa láàárọ̀, tí owó ẹni tó ni kẹ̀kẹ́ wà nínú rẹ̀, ó san owó káàdì. Ó ṣáà ń sọ pé, "Sannu, Mama, sannu." Ní Kàdúná, bí o bá ṣubú, wọ́n á kí ọ ní sannu, bí wọ́n bá sì jẹ ọ́ níyà, wọ́n á ní ki yi hakuri, kí o ní sùúrù. Sannu tirẹ̀ ni mo gbà, nítorí owó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Dókítà gbé àwòrán egungun mi sójú iná, ó fi bírò tọ́ka sí i. Ojúgun ọ̀tún ti kán sí ọ̀nà méjì. Ó ní ìdì funfun tí wọ́n fi dì í kàn ń mú un dúró lásán ni, irin ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi há a, kó má sì fi bẹ́ẹ̀ kọjá ọ̀sẹ̀ méjì, nítorí bí egungun bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú ara rẹ̀ ní wíwọ́, wíwọ́ ló máa wà. Mo bi í pé ṣé màá lè dúró. Ó ní bí ẹsẹ̀ kan bá kúrú ju èkejì lọ, màá lè dúró, ṣùgbọ́n mi ò ní lè dúró pẹ́. Bẹ́ẹ̀, ìdúró niṣẹ́ tèmi. Oníléèwé wa kì í fún tíṣà ní àga ní kíláàsì, ó ní tíṣà tó bá jókòó, oorun ló fẹ́ sùn. Mo mọ ìwé tó máa tẹ̀ mí lọ́wọ́ bí mo bá ń tiro wọlé.

Ọ̀kẹ́ mẹ́rìnlá náírà ni irin náà àti iṣẹ́ abẹ. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ilé wa ṣe rí nígbà yẹn. Ọkọ mi ṣiṣẹ́ fún ọdún méjìlélógún ní ọ̀kan lára àwọn ilé iṣẹ́ aṣọ tó wà ní Kakuri kí wọ́n tó tì í pa. Wọ́n ní kí wọ́n máa lọ sílé, pé owó wọn ń bọ̀. Owó náà ṣì ń bọ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ mi kán. Oṣooṣù ló ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì, tó ń lọ ìpàdé àwọn tí wọ́n jẹ lówó, tó ń padà wá sọ fún mi pé wọ́n ní kí àwọn ní sùúrù. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Mo fẹ́ràn rẹ̀, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ bẹ́ẹ̀ kí n tó sọ ohun tó ṣe.

Ní ọjọ́ kejì, alága rán owó oògùn wá. Ọmọ rẹ̀ sọ fún àwọn ọlọ́pàá pé òun lòun jẹ̀bi, òun á sì san gbogbo owó náà. Wọ́n ní kó lọ wá a, ṣùgbọ́n jíìpù á wà lọ́dọ̀ àwọn títí ọ̀rọ̀ á fi yanjú. Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Jíìpù yẹn ni onídùúró mi.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, àwọn àgbà ẹgbẹ́ dé. Márùn-ún ni wọ́n: alága, ìyàwó rẹ̀, akápò, olórí àwọn obìnrin, àti bàbá arúgbó kan tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Àgbà. Wọ́n gbé búrẹ́dì wá, wọ́n gbé ọsàn, wọ́n gbé mílíìkì, wọ́n tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Ẹni tí kò bá gbé Àríwá lè má mọ ohun tí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú jẹ́ fún wa. Nígbà rògbòdìyàn tó pín Kàdúná sí méjì, gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ yẹn la sá lọ, ibẹ̀ la sùn fún ọjọ́ mẹ́ta, alága yìí kan náà ló sì ra ìrẹsì tí a jẹ. Mi ò gbàgbé. Ìrẹsì yẹn ló mú kí n fohùn pẹ̀lẹ́ dá wọn lóhùn níbẹ̀rẹ̀.

Ìyàwó alága kúnlẹ̀. Ó ní, "Tíṣà, ọmọ mi ni, ọmọ yín náà ni. Ẹ bá wa forí jì í."

Mo ní, "Ẹ dìde, Mà. Mo ti gbọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fi irin sẹ́sẹ̀ mi tán, ẹ padà wá, a ó sọ ti ìdáríjì."

Alága ní àmúwá Ọlọ́run ni. Mo ní Ọlọ́run kọ́ ló wa jíìpù.

 Alága wá ní, "Tíṣà, a kì í ti kọ́ọ̀tù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́." Mo ní, "Bàbá, mi ò tíì dé kọ́ọ̀tù. Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo wà." Wọ́n dìde, wọ́n kí mi pé Ọlọ́run á wò mí sàn, wọ́n jáde. Mo rò pé wọ́n ti lọ ilé. Àṣé ọkọ mi ni wọ́n lọ bá lóde.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, lójú gbogbo àwọn tó ń dúró gba oògùn, alága wa tó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún ká agbádá rẹ̀ sókè, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ọkọ mi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ lè bí lọ́mọ. Bàbá Àgbà tẹ̀ lé e. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí mò ń sọ. Àgbà tó bá dọ̀bálẹ̀ fún ọmọdé, ẹ̀bẹ̀ nìkan kọ́ ló ń bẹ̀, ẹrù ló ń dì rù ú. Láti kékeré ni wọ́n ti ń kọ́ wa pé ẹni tí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí, tí kò tètè gbé àgbà náà dìde, kò ní í ṣoríire. Ará Hausa tó bá rí wọn níbẹ̀ á rò pé nǹkan ló já bọ́ lọ́wọ́ bàbá náà tó ń wá a. Ọkọ mi kò lè rò bẹ́ẹ̀. Òun náà dọ̀bálẹ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nílẹ̀, ó ń sọ pé, "Ẹ dìde, Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Ó ti tán."

Ohun tí wọ́n wá gbọ́ nìyẹn. Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n gbé e lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, ó fọwọ́ síwèé pé wọ́n ti parí ọ̀rọ̀ nílé, pé ẹnikẹ́ni kò jẹ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, jíìpù ti padà sílé alága.

Mi ò mọ nǹkan kan. Lọ́jọ́rú, dókítà wá sọ fún mi pé ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ lòun máa ṣe iṣẹ́ abẹ náà, ṣùgbọ́n owó gbọ́dọ̀ ti wọlé lọ́jọ́ Ajé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹlòmíràn ló máa gba ààyè mi, òun ò sì mọ ìgbà tí ààyè mìíràn á tún ṣí. Mo pe alága lórí fóònù. Ó ní, "Tíṣà, ọ̀rọ̀ tí a ti parí? Ẹ bi Bàbá wọn léèrè. Ẹ ní sùúrù."

Ọkọ mi gbé oúnjẹ wá nírọ̀lẹ́. Mi ò jẹ́ kó ṣí abọ́ tí mo fi bi í. Kò parọ́, mo yìn ín fún ìyẹn. Ó ní, "Ìyá wọn, bàbá yẹn dọ̀bálẹ̀ fún mi. Kí lo fẹ́ kí n ṣe?"

Mo ní, "Kẹ́ ẹ béèrè owó irin."

Ó ní, "Nígbà tó wà nílẹ̀?"

Mo ní, "Nígbà tó wà nílẹ̀ gan-an."

Ó ní wọ́n ti ṣèlérí pé àwọn á ṣe ohun tó yẹ, ká ṣáà mú sùúrù. Inú bí mi. Mo ní, "Bàbá wọn, ẹ ti mú sùúrù fún ilé iṣẹ́ aṣọ títí ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì yín fi ya. Tiyín nìyẹn. Ẹsẹ̀ yìí, tèmi ni. Ta ló ní kẹ́ ẹ bá mi gba ẹ̀bẹ̀ rẹ̀?" Ó bojú wolẹ̀, ó ṣí abọ́ oúnjẹ. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà dùn ún, mi ò sì bẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ náà. Mo jẹ oúnjẹ rẹ̀ ṣá, nítorí ebi ń pa mí.

Lọ́jọ́ kejì, àbúrò rẹ̀ yọjú. Ó ní òun mọ mai dori kan ní Afaka, àwọn tó máa ń to egungun nílé, pé owó táṣẹ́rẹ́ ló ń gbà. Mi ò kẹ́gàn wọn o. Irú wọn ló to ọwọ́ ọmọ mi nígbà tó já bọ́ lórí igi máńgòrò, ọwọ́ náà sì dára títí dòní. Ṣùgbọ́n mo rí ohun tí wọ́n ń ṣe. Gbogbo wọn ti ń wá ibi tí ẹsẹ̀ mi ti máa dínwó kí ojú má baà ti alága. Mo ní kó bá mi kí mai dori.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e ni ìpàdé ẹgbẹ́, lẹ́yìn ìsìn, ní gbọ̀ngàn wa ní Makera. Mo sọ fún nọ́ọ̀sì pé mo fẹ́ jáde fún wákàtí mẹ́ta. Ó ní kò ṣeé ṣe. Mo ní kó mú ìwé wá kí n fọwọ́ sí i pé ohunkóhun tó bá ṣe mí lọ́nà, èmi ni mo ṣe é fún ara mi. Ó wò mí títí, ó lọ mú ìwé wá. Mo pe ọlọ́kẹ̀kẹ́. Ó ti wá kí mi ní ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín ọ̀sẹ̀ méjèèjì yẹn, mo sì ti gba nọ́ńbà rẹ̀. Ó gbé pákó àti tìmùtìmù wá, ó tẹ́ ẹ sórí ìjókòó ẹ̀yìn, wọ́n gbé mi nà sí i. Kò sí kòtò tí a bọ́ sí lọ́nà tí egungun mi kò mọ̀. Ó ń wẹ̀yìn wò, ó ń sọ pé ká padà. Mo ní kó máa wà á lọ.

Akọ̀wé ń ka ohun tí wọ́n sọ ní ìpàdé oṣù tó kọjá lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n gbé mi wọlé lórí bẹ́ǹṣì. Ó pa ìwé ọwọ́ rẹ̀ dé. Àwọn ọ̀dọ́ tó wà lẹ́yìn, tí wọ́n gbọ́ Yorùbá ṣùgbọ́n tó jẹ́ Hausa ni wọ́n fi ń dáhùn, bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Ọkọ mi wà níbẹ̀. Ó dìde, ó tún jókòó.

Nínú ẹgbẹ́ wa, ẹni tó bá sọ̀rọ̀ láìgba ààyè á san owó ìtanràn. Mo nawọ́. Alága ń wo àjà. Mo nawọ́ títí apá fi ń ro mí. Nígbà tó yá, mo ní kí akápò kọ ìtanràn mi sílẹ̀, kó yọ ọ́ nínú ohun tí wọ́n jẹ mí, mo sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi.

Mo ní, "Ẹ bẹ ọkọ mi, ọkọ mi sì gbà. Mi ò ní í ba ọ̀rọ̀ ọkọ mi jẹ́ lójú àwùjọ. Ó ní ó ti tán, ó ti tán náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n nílẹ̀ tí wọ́n ti bí gbogbo wa, bí ẹnì kan bá ṣẹ̀, tí àwọn àgbà bá bá a bẹ̀bẹ̀, ọ̀ràn náà kì í fò lọ. Ọrùn àwọn tó bẹ̀bẹ̀ ló ń bọ́ sí. Ẹ̀yin márùn-ún lẹ wá. Mi ò ní nǹkan kan í bá ọmọ yẹn ṣe mọ́, ẹ ti gbà á lọ́wọ́ mi. Ẹ̀yin lẹ jẹ mí lẹ́sẹ̀, ẹ̀yin ni mo sì wá bá."

Alága ní kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń sọ ọ̀rọ̀ ẹbí nìyí. Mo ní ṣé ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn ló yẹ ká ti sọ ọ́ ni. Ó ní ọmọ òun ò lówó. Mo ní ó ní jíìpù. Ó ní jíìpù ló fi ń wá jíjẹ mímu. Mo na ọwọ́ sí ìdì funfun tó wà lẹ́sẹ̀ mi, mo ní èyí lèmi fi ń wá tèmi. Olórí àwọn obìnrin ní kí n rọra, pé obìnrin kì í sọ̀rọ̀ sí àgbà báyìí. Mo ní ẹsẹ̀ obìnrin náà kì í kán báyìí. Mo wá sọ fún gbogbo wọn pé bí ìpàdé bá parí, kí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ mi. Ó kéré tán, wọn kì í gba owó bẹ́ẹ̀dì ní gbọ̀ngàn.

Mo ń sọ̀rọ̀ líle o, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí. Bí wọ́n bá gbé mi padà lọ́wọ́ òfo lọ́jọ́ yẹn, ó parí nìyẹn, arọ ni mo dà.

Bàbá Àgbà ló dìde. Ó pẹ́ kó tó nàró tán. Ó ní, "Èmi náà dọ̀bálẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, orókún mi ṣì ń dùn mí." Ó kọjú sí alága. "Nínú mọ́tò, kí a tó débẹ̀, mo bi ọ́ bóyá o ti san owó obìnrin yìí. O ní o ti san án."

Alága tún gbójú sókè wo àjà. Ìyàwó rẹ̀ yíjú wò ó, ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé òun náà kò mọ̀.

Bàbá Àgbà ní, "Mi ò dọ̀bálẹ̀ irọ́ rí láyé mi. Mo wà lára àwọn tó jẹ ẹ́." Ó kó owó tó wà lápò rẹ̀ jáde, kò ju owó tí èèyàn fi ń ra ata lọ, ó gbé e síwájú akápò, ó jókòó.

Lẹ́yìn ìyẹn, kò sẹ́ni tó lè dákẹ́ mọ́. Wọ́n jiyàn títí oòrùn fi ń wọ̀, wọ́n sì fẹnu kò pé kí wọ́n yá alága lówó nínú àpò ẹgbẹ́. Ó fọwọ́ síwèé pé bí oṣù mẹ́ta bá pé, tí òun kò san án, kí wọ́n ta jíìpù. Bí ọkọ mi ti fọwọ́ síwèé, òun náà fọwọ́ síwèé. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gbé mi jáde, ọlọ́kẹ̀kẹ́ di orí bẹ́ǹṣì kan mú, ọkọ mi sì sáré wá di èkejì mú. Nínú kẹ̀kẹ́, ó káwọ́ lé ẹsẹ̀ mi lórí pákó kó má baà mì. Ó ní, "Ó yẹ kí n ti béèrè." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. A kò tún dá a sọ mọ́.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n fi irin náà sí i. Oṣù márùn-ún ni mo fi ń rìn pẹ̀lú ọ̀pá lábẹ́ abíyá, oníléèwé sì ti gba tíṣà mìíràn kí n tó padà. Mo lọ dúró síwájú rẹ̀ láìfi ara ti nǹkan kan, mo ní kó wò mí dáadáa. Ó fún mi ní kíláàsì kẹta.

Alága bẹ̀rẹ̀ sí í rán èèyàn sí mi. Ó fẹ́ kí n wá sọ ọ́ ní ìpàdé pé mo ti dárí jì wọ́n, kí wọ́n lè fi àdúrà kásẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀. Mo ní mo ti gbọ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ọmọ rẹ̀ dá wá. Kò mú búrẹ́dì lọ́wọ́, kò mú àgbà kankan lẹ́yìn. Kò kúnlẹ̀. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí n rí i." Mo ká ìró mi sókè, ó wo àpá náà láti ìsàlẹ̀ orókún dé òkè ọrùn ẹsẹ̀. Ó bi mí bóyá ó ń dùn mí. Mo ní bí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́. Ó ní kí n jọ̀ọ́ rìn kí òun rí i, mo sì rìn dé ìdí fèrèsé, mo rìn padà. Ó wá bú sẹ́kún. Ó ní, "Fóònù ni mò ń wò, Mọ́mì. Mi ò wo títì rárá. Fóònù ni mò ń wò."

Láti ọjọ́ tí ẹsẹ̀ mi ti kán, wọ́n ti sọ fún mi pé àmúwá ni, wọ́n ní èṣù ni, wọ́n ní kí n mú sùúrù. Kò sẹ́ni tó sọ èyí rí. Mo ní kó jókòó. Mo dárí jì í níbẹ̀, èmi fúnra mi, pẹ̀lú ẹnu ara mi, mo sì bu omi fún un mu.

Mi ò sọ fún bàbá rẹ̀, mo sì ní kí òun náà má sọ. Alága ṣì ń rán àwọn àgbà sí mi títí dòní. Màá gbọ́ ẹ̀bẹ̀ wọn tán, màá dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, màá dìde, màá sì fi ẹsẹ̀ mi méjèèjì sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà.